Adùn Ní Í Gbẹ̀yìn Ewúro: Ìwọra Ṣúgà, Àgbo Jẹ̀díjẹ̀dí àti Ẹ̀kọ́ Ahọ́n ní Ọjọ́ta

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìwọra ṣúgà àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àfojúsùn sí Ọjọ́ta ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe "dùn" àti "tẹ́" wò nínú èdè Yorùbá, ó wo ìlò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní ibùdókọ̀, ó sì fi èyí wé ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́wò ti rí. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìfẹ́ adùn kì í tètè kú nínú ènìyàn. Òṣùwọ̀n tí ahọ́n fi ń wọn adùn ni ó ṣeé yí padà, ohun tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ènìyàn ni ó sì ń pinnu bóyá ìyípadà náà yóò dúró.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe yìí kò ka oúnjẹ jíjẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ń kìlọ̀ fún ni kí ọ̀fun má di ọ̀gá lórí ẹni tí ó ni ín. Wọ̀bìà ni òwe náà sábà máa ń bá wí, ẹni tí gbogbo ènìyàn rí i pé ó ń jẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni tí kò jẹ ju àwo oúnjẹ kan lọ láti òwúrọ̀ lè ti mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní wọ̀bìà. Ìwọra ti wọ inú ohun mímu, ojú kò sì tètè rí i mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fẹ́ jáwọ́ nínú ṣúgà, yálà nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ fún wọn, tàbí nítorí pé wọ́n rí ohun tí àtọ̀gbẹ ṣe fún òbí wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìfẹ́ ohun dídùn yóò kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ìlérí yìí dára létí, ṣùgbọ́n ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìfẹ́ náà bá tún padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tí ó ti gbìyànjú yóò rò pé àìlera ọkàn òun ni ó fà á. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń yí padà àti ohun tí kì í yí padà, kí a má baà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi.

"Dùn" kò túmọ̀ sí "ní ṣúgà"

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe "dùn" kò so mọ́ ṣúgà. Ọbẹ̀ dùn nígbà tí iyọ̀, ata àti irú bá wà níwọ̀n nínú rẹ̀. Ìlù ń dùn, ìtàn ń dùn, inú ènìyàn sì ń dùn. Kódà, ẹni tí ó bá sọ pé "ó dùn mí" kò sọ̀rọ̀ ìdùnnú, yálà a gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni tàbí ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn papọ̀. Aádùn pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Àgbàdo tí a yan, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi epo pupa àti iyọ̀ pò ni. Àwọn kan ń fi oyin tàbí ṣúgà sí i, ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí ṣúgà nínú rẹ̀, aádùn ṣì ni.

Nígbà tí ṣúgà funfun dé ilẹ̀ yìí, ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n fún un ni iyọ̀ òyìnbó. Orúkọ yìí tọ́ sí àròjinlẹ̀. Iyọ̀ jẹ́ ohun tí à ń fi ìka bù, tí à ń wọ́n sí oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kì í bu iyọ̀ mu. Ẹni tí ó sọ ṣúgà ní iyọ̀ òyìnbó fi í sí ipò ohun tí à ń fi mú oúnjẹ dùn, kò fi í sí ipò oúnjẹ. Bákan náà, níbi ìsọmọlórúkọ, oyin àti ìrèké kì í dá wá. Iyọ̀, obì, orógbó àti ataare máa ń wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wúre fún ọmọ. Ohun tí ó dùn, ohun tí ó korò àti ohun tí ó ta ni ó jọ ń kí ọmọ káàbọ̀ sáyé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni "tẹ́". Ẹni tí ó bá yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀ yóò sọ pé ẹ̀kọ náà tẹ́. "Tẹ́" kan náà ni a ń gbọ́ nígbà tí ojú bá ti ènìyàn láwùjọ. Ìbáṣepọ̀ yìí kì í ṣe ti èdè nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, míńírà tútù ti gba ipò tí omi àti obì wà tẹ́lẹ̀ níwájú àlejò. Onílé tí kò ní nǹkan kan ju omi lọ ń bẹ̀rù pé òun yóò tẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ dín ṣúgà kù ń bá adùn ẹnu jà, ó sì tún ń bá ìtìjú jà.

Ọjọ́ta: níbi tí adùn ti ń wá ènìyàn kiri

Ọjọ́ta wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nítòsí ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń lọ sí ìlú mìíràn ti ń gbérò. Kétu, tí ó ní ọjà èso, àti Mile 12, tí ó ní ọjà ńlá fún ata, tòmátì àti iṣu, kò jìnnà sí i. Nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ń kiri ọjà yóò wọ àárín títì pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, bisikíìtì, yógọ́ọ̀tì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ yìnyín. Awakọ̀ kò nílò láti sọ̀kalẹ̀. Adùn ni ó ń wá a wá sí ojú fèrèsé.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ọdún 1953 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Ìgò gíláàsì ni wọ́n ń lò, ìgò náà sì níláti padà sọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu míńírà yóò dúró ti ọlọ́jà, yóò mu ún tán, yóò dá ìgò padà. Nígbà tí ìgò oníke dé, okùn tí ó so ohun mímu mọ́ ṣọ́ọ̀bù já. Ìgò lè bá ènìyàn lọ sínú ọkọ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti Ọjọ́ta títí dé Ìkòròdú.

Ó yẹ kí a ṣírò ohun tí ó wà nínú ìgò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé gíráàmù 10 ṣúgà ni ó wà nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl yóò ní gíráàmù 50. Ṣíbí kékeré kan gba nǹkan bí gíráàmù 4, nítorí náà ṣíbí 12 àti ààbọ̀ ni ènìyàn mu. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà àfikún má ṣe ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú agbára tí ènìyàn ń rí láti inú oúnjẹ òòjọ́, pé yóò sì dára jù bí ó bá lè wà lábẹ́ ìdá 5. Fún àgbàlagbà kan, ìdá 5 yìí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 25, èyí tí í ṣe ṣíbí 6. Ìgò kan ṣoṣo ti tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé oyin àti omi èso tí a ti fún wà lára ṣúgà tí àjọ náà ń kà. Èso tí a jẹ odindi kò sí lára rẹ̀.

Ìjọba náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìnáwó ti ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kò ní ọtí nínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2022. Lórí ìgò 50cl, náírà 5 ni èyí jẹ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí irú owó orí bẹ́ẹ̀ mú iye ọjà lọ sókè pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán. Náírà 5 kò lè mú kí awakọ̀ yí fèrèsé rẹ̀ sókè.

Jẹ̀díjẹ̀dí àti gbèsè tí a rò pé a ti san

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ará Èkó gbà gbọ́ nípa ṣúgà, kí ó dúró ti ìyá alágbo ní ibùdókọ̀. Nínú àwọn ìgò tí ó tò kalẹ̀, àgbo ibà wà níbẹ̀, àgbo jẹ̀dí sì wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ ni pé ohun dídùn ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn àmì tí wọ́n ń kà sí i ni ìdí ríro, ìdí yíyọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yìn ríro, àti kí okun ọkùnrin dín kù. Láti kékeré ni òbí ti ń fi í dẹ́rù ba ọmọ tí ó bá ń lá ṣúgà.

Ọgbọ́n wà nínú ìgbàgbọ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó orí lórí ṣúgà ni àwọn Yorùbá ti ní àlàyé kan tí ó sọ pé àjẹjù adùn ní ìyà tirẹ̀. Lójú ìmọ̀ ìṣègùn òde òní, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí jọ àìsàn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí fi ń wú. Ìgbẹ́ líle, ìgbìyànjú láti yà á, àìjẹ ewébẹ̀ àti èso tó, àti ìjókòó pípẹ́ wà lára ohun tí ó ń dá kún un. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń wú iṣan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo awakọ̀ tí ó jókòó láti ìdájí, tí ó fi bisikíìtì àti míńírà ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Kò jẹ ẹ̀fọ́, kò jẹ ẹ̀wà, kò dìde. Àwọn tí ó so jẹ̀díjẹ̀dí mọ́ ohun dídùn rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fún un nìkan ni ó gba àtúnyẹ̀wò.

Ibi tí ìṣòro wà ni ìlò àgbo náà. Ẹni tí ó mu míńírà mẹ́ta lọ́sàn-án, tí ó sì fi ife àgbo kíkorò kan tì í lẹ́yìn lálẹ́, gbà pé òun ti san gbèsè. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí máa ń tú inú, nítorí náà ó dàbí ẹni pé ṣúgà ti jáde. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó di ìgbẹ́ ni ṣúgà ti gba inú ìfun kékeré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí àgbo tú kì í ṣe ṣúgà ọ̀sán. Kíkorò rẹ̀ wá di ìwé àṣẹ fún adùn ọ̀la. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí a mọ̀ sí páraga, ewu mìíràn ti kún un fún ẹni tí yóò wa ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ tún wúwo ju èyí lọ. Òùngbẹ tí kì í tán àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ wà lára àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi míńírà pa irú òùngbẹ bẹ́ẹ̀ ń da epo síná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òótọ́, àgbo kò lè ṣe é.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́wò rí

Ìfẹ́ adùn bá ènìyàn wáyé. Ọmọ tuntun jòjòló a máa fi ojú rẹ̀ hàn pé adùn tẹ́ òun lọ́rùn, a sì máa fajú ro sí ohun kíkorò. Wàrà ọmú ìyá pàápàá ní ṣúgà tirẹ̀. Nígbà tí adùn bá kan ahọ́n, ìròyìn rẹ̀ á dé ọpọlọ, èròjà dopamine á tú jáde, ọpọlọ á sì rántí ibi tí adùn náà ti wá, wákàtí tí ó wá àti ohun tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìró ìgò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi lè mú itọ́ dé ẹnu ẹni tí kò rò ó tẹ́lẹ̀.

Ṣé a lè pàdánù ìfẹ́ yìí? Ní ọdún 1982, Bertino, Beauchamp àti Engelman fi hàn pé àwọn tí wọ́n dín iyọ̀ kù fún oṣù mélòó kan wá fẹ́ràn oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú kí wọ́n dín iyọ̀ kù mọ èyí: ọbẹ̀ tí ó tẹ́ lóṣù kìíní kò tẹ́ mọ́ lóṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ṣúgà kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2016, Wise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Monell, ìlú Philadelphia, tẹ̀ jáde pé àwọn tí wọ́n dín ṣúgà kù fún oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan náà bí ohun tí ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ahọ́n wọn ti já geere. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n adùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn jù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nígbà tí wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ láti jẹ ohun tí ó wù wọ́n, wọ́n tètè padà sí ìwọ̀n àtijọ́. Ìwádìí mìíràn tí àwọn onímọ̀ ní Wageningen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ̀ jáde ní 2025, tí ó gba oṣù mẹ́fà pẹ̀lú àgbàlagbà 180, rí i pé dídín ohun dídùn kù tàbí fífi kún un kò yí ìfẹ́ adùn padà.

Bẹ́ẹ̀ ni fífi adùn mìíràn rọ́pò ṣúgà kò yanjú ọ̀ràn. Igbó ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní irú adùn bẹ́ẹ̀. Àgbáyun, èso pupa kékeré, ní èròjà kan tí Kurihara àti Beidler ṣàlàyé ní 1968, tí ó ń mú kí ọsàn kíkan dùn lẹ́nu. Èso ewé eéran, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ní thaumatin, tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kan. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ahọ́n ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má gbára lé àwọn ohun aládùn tí kì í ṣe ṣúgà láti fi ṣàkóso sísanra.

Ẹ̀rí kan tún wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń fi ìwọ̀n pín ṣúgà fún ará ìlú níbẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, ọdún kan náà tí ìgò Coca-Cola bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó. Ìwádìí tí ó jáde ní 2024 fi hàn pé àwọn tí wọ́n lóyún wọn, tí wọ́n sì tọ́ wọn ní ìkókó, lásìkò ìpín náà kò ní àtọ̀gbẹ lágbà tó àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀; ewu náà fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 dín kù. Kò sí ìyá tí ó níláti bá ìwọra jà lójoojúmọ́. Ṣúgà kò pọ̀ nílé ni.

Ọgbọ́n tí ó bá Ọjọ́ta mu

Bí ó bá rí báyìí, ẹni tí ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìwọra ṣúgà kò gbọdọ̀ máa retí ọjọ́ tí ìfẹ́ adùn yóò kú. Ohun tí ó lè retí ni pé tíì tí ṣúgà rẹ̀ kéré yóò máa dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun mímu, nítorí níbẹ̀ ni ṣúgà ti ń wọlé láìsí ìyó. Kí ó dín horo ṣúgà kan kù, kí ó fún ahọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tó dín òmíràn. Gàrí Ìjẹ̀bú tí ó kan díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà, lè ṣe é mu láìsí ṣúgà fún ẹni tí ó bá fi sùúrù kọ́ ọ.

Ebi ni ó ń fún ìwọra lágbára. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín kí ó tó kúrò nílé kò ní bá ìgò ojú fèrèsé pàdé bí ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ọjà Kétu ní adùn, ṣùgbọ́n okùn inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà wọn sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń rọ ìgbẹ́, èyí tí í ṣe ohun tí ẹni tí ó ń bẹ̀rù jẹ̀díjẹ̀dí ń wá gan-an. Kí ẹni tí ó ń mu kola lójoojúmọ́ mọ̀ pé orí fífọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ nítorí caffeine tí ó jáwọ́ nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ń lo insulin tàbí oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá èyí ṣe láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ jù.

Èyí tí ó kù kì í ṣe ti ẹni kan. Ilé tí kò bá tọ́jú míńírà sínú fíríìjì kò ní máa bá a jà lóru. Onílé tí ó bá gbé omi tútù, obì àti ẹ̀pà síwájú àlejò kò tẹ́. Àṣà rẹ̀ ni ó ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní agbára láti mú kí omi mímu tí ó mọ́ wà ní ibùdókọ̀, kí àwọn tí ó ń ta ẹ̀wà àti èso sì rí àyè jókòó nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbérò.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà sọ pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ẹni tí ó bá jẹ ewúro tí ó sì mu omi lé e mọ̀ pé omi náà dùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i. Ahọ́n ni ó yí padà. Ìlò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fi kíkorò sẹ́yìn adùn, kí adùn lè máa bá a lọ. Òwe náà fi kíkorò ṣáájú, ó sì ní kí a dúró de ohun tí ó gbẹ̀yìn. Ìmọ̀ ìtọ́wò òde òní ti òwe náà lẹ́yìn dé ibì kan: ahọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́, adùn kékeré sì lè tó o. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ẹ̀kọ́ náà kì í pẹ́ gbàgbé bí ìgò bá ṣì ń kan fèrèsé ní gbogbo ìdúró ọkọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ará Ọjọ́ta láti dín ṣúgà kù, kí a má ṣe dákẹ́ lórí ohun tí wọ́n ń gbé wá bá a lójú títì.